Àwìn Di Ọ̀rọ̀ Téṣàn: Ṣé Ọlọ́pàá Lè Mú Èèyàn Torí Gbèsè?

Láti Ọjà Ọba dé Ìpàta ní Ìlọrin, títí lọ dé Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, àwìn ni ọ̀pọ̀ ọjà ń tà. Tí owó ò bá wá yá, olówó á ké sí ọlọ́pàá tó mọ̀, onígbèsè á sì sun àtìmọ́lé. Ó ń dùn mí gan-an, torí ọ̀pọ̀ wọn ni kò mọ̀ pé òfin wà lẹ́yìn àwọn.

Ṣé òfin gbà kí wọ́n mú mi torí pé mo jẹ gbèsè?

Rárá o. Abala 32 nínú Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ gbangba pé wọn ò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni kìkì torí pé kò mú àdéhùn ṣẹ. Ẹjọ́ kóòtù ni gbèsè. Láyé àtijọ́, ológò ló máa ń lọ jókòó ti onígbèsè nílé, kò ní kúrò àfi tí wọ́n bá san owó. Òfin ò fi iṣẹ́ yẹn rán ọlọ́pàá.

Kí ló wá dé tí wọ́n ṣì ń mú wọn?

Ibi tó ta kókó nìyí. Olówó tó dé téṣàn kì í sọ pé "ó jẹ mí lówó." Ohun tó máa ń sọ ni pé "ó lù mí ní jìbìtì." Ọ̀ràn sì ni jìbìtì. Penal Code, ìyẹn òfin ọ̀daràn tí Àríwá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1960, ni Kwara bá nílẹ̀ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1967 (òfin ọ̀daràn tí àwọn ará Òkukù ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ń lò yàtọ̀ sí tiwa). Ó ka rírẹ́ni jẹ sí ọ̀ràn, ó sì ka jíjẹ ohun tí wọ́n fi síni níkàáwọ́ sí ọ̀ràn.

Ẹ wò ó báyìí. Ìyá kan gba léèsì mẹ́wàá láwìn, ó tà á, àwọn tó rà á lọ́wọ́ ẹ̀ náà ò san kọ́bọ̀. Gbèsè lèyí, kò sí jìbìtì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbowó ilẹ̀ lọ́wọ́ yín ní Tanke, tó sì mọ̀ pé òun ò nílẹ̀ kankan níbẹ̀, ó ti lu jìbìtì. Alájọ tó ń gbowó lọ́wọ́ àwọn ìyá ọjà lójoojúmọ́, tó wá ná an, kò lè ní gbèsè lásán lòun jẹ, torí owó olówó ni wọ́n fi pa mọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹ ṣọ́ra fún sọ̀wédowó náà: láti 1977 ni òfin ti sọ pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ kọ èyí tí kò lówó nídìí lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún méjì jura.

Wọn ò bá mi nílé, wọ́n wá mú ìyàwó mi. Ṣé ó tọ́?

Kò tọ́ rárá. Abala 36 nínú Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 kan náà ní wọn ò gbọdọ̀ mú ẹnì kan dípò ẹlòmíì. Èyí ló burú jù lójú mi: kí wọ́n ká obìnrin mọ́ ìdí àkàrà, epo ṣì ń hó lórí iná, kí wọ́n ní kó máa bọ̀ ní téṣàn torí owó tí òun ò sí níbẹ̀ nígbà tí ọkọ ẹ̀ yá a.

Tí mo bá ti wà ní téṣàn ńkọ́?

Abala 35 nínú òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 fún yín láyè láti dákẹ́ títí ẹ ó fi rí lọ́yà. Láàárín wákàtí 24, kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi mú yín sílẹ̀, ní èdè tó yé yín. Tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti gbé yín débẹ̀, kóòtù sì pọ̀ ní Ìlọrin. Ọ̀fẹ́ ni béèlì. Ẹ má torí pé ẹ fẹ́ tètè jáde kí ẹ fọwọ́ síwèé pé gbogbo owó á pé lọ́jọ́ Ẹtì. Ìwé yẹn gan-an ni wọ́n máa ń fi dè yín lọ́wọ́ lẹ́yìn náà. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ lè tọ Legal Aid Council lọ, kò ní san owó lọ́yà.

Èmi ni wọ́n jẹ lówó o. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ pè é lẹ́jọ́ ní Area Court tàbí kóòtù Májísíréètì. Ẹ kó ẹ̀rí dání: ìwé tí ẹ jọ fọwọ́ sí, rìsíìtì báǹkì, ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ lórí WhatsApp, ẹni tó wà níbẹ̀. Tí adájọ́ bá dá a fún yín tí kò sì san, òṣìṣẹ́ kóòtù ló máa lọ gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù ẹ̀. Ẹ má lọ gbé fíríìsà ẹ̀ fúnra yín, kí ẹjọ́ má baà yí padà sí yín lọ́rùn.