Ọmọ ń tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n, àmọ́ ṣé ó ń yé e?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, ọmọ mi máa tó pé ọdún méjì. Bí a bá ti tan tẹlifíṣọ̀n báyìí, á dákẹ́ rọ́rọ́, á la ẹnu sílẹ̀, mo lè pè é títí kó má dáhùn. Ṣé ó ń rí nǹkan kọ́ níbẹ̀?

Ìdáhùn: Díẹ̀ ló ń rí kọ́, kò tó bí ojú rẹ̀ ṣe ń fi hàn. Ohun tó bá ṣàdédé tàn tàbí tó dún lójijì, ojú ènìyàn á ti lọ síbẹ̀ kó tó mọ̀. Àgbàlagbà lè mú ojú kúrò. Ọmọdé ò tíì lágbára yẹn.

Àwọn olùwádìí ti dán an wò. Wọ́n fi nǹkan ìṣeré pamọ́ sí yàrá kejì. Àwọn ọmọ ọdún méjì tó ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé lọ mú un tààrà. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wo ohun kan náà nínú tẹlifíṣọ̀n kàn ń wá a kiri ni. Ó máa ń tó nǹkan bí ọdún mẹ́ta kí ọmọ tó bọ́ nínú ìṣòro yìí.

Ìbéèrè: Kí ló wá dé tó fi jẹ́ kàtúùnù kan náà ló ń fẹ́ lójoojúmọ́?

Ìdáhùn: Torí ó ti mọ ohun tó ń bọ̀ ni. Ẹ máa wo ojú rẹ̀: á ti rẹ́rìn-ín kí ajá inú kàtúùnù tó yọjú. Bó ṣe ń tún un wò ló ń yé e sí i. Ìyẹn ò burú rárá.

Ìbéèrè: Báwo ló ṣe yẹ kó pẹ́ tó nídìí ẹ̀?

Ìdáhùn: Lọ́dún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì má wò ó rárá. Láti ọdún 2 sí 4, kó má ju wákàtí 1 lọ lóòjọ́. Bó bá tún dín sí i, ó sàn.

Ṣùgbọ́n èyí tó ń ká mi lára jù ni tẹlifíṣọ̀n tí ẹnikẹ́ni ò wò, tó kàn ń pariwo látàárọ̀. Ọmọ á máa to nǹkan ìṣeré rẹ̀, ariwo á dún, á gbójú sókè. Kó tó padà, ó ti gbàgbé ohun tó ń tò. Àwa òbí náà, ọ̀rọ̀ tí à ń bá a sọ á dín kù láìfura, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu wa ló fi ń kọ́ èdè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n náà.

Ìbéèrè: Tí mo bá pa á, ẹkún ni.

Ìdáhùn: Ẹ má pa á láàárín eré. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan parí, kí ẹ má sì jẹ́ kí òmíràn bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun kan náà ni kó máa tẹ̀ lé e lójoojúmọ́, ìwẹ̀ tàbí oúnjẹ. Tó bá sì ń wò ó, ẹ jókòó tì í. Bí ajá bá jáde, ẹ bi í pé, "Kí nìyẹn?" Nígbà tí ẹ bá rí ajá gidi níta, ẹ tún bi í.