Ìbéèrè òfin nínú géèmù RPG orí tábìlì

Ìbéèrè òfin ni gbogbo ìgbà tí eré máa dúró díẹ̀ nídìí géèmù RPG (role-playing game) orí tábìlì torí pé ẹnì kan bèèrè pé "ṣé mo lè ṣe èyí báyìí?" tàbí "èló ni kí n ju?" tí ìdáhùn ò sì yá lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Nínú géèmù yìí, èèyàn mẹ́ta, mẹ́rin, nígbà míì mẹ́fà, á jókòó yí tábìlì ká, ẹnì kan á jẹ́ olùdarí tí wọ́n ń pè ní DM (Dungeon Master) tàbí GM (Game Master), àwọn plẹ́yà tó kù á mú ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa sọ ohun tí ẹ̀dá ìtàn wọn fẹ́ ṣe, dáìsì á sì sọ bóyá ó ṣeé ṣe. Tí ìtàn kan náà bá ń lọ láti ìjókòó kan sí èkejì fún oṣù tàbí ọdún, kàmpéènì nìyẹn. Kàmpéènì gan-an ni ìbéèrè òfin ti máa ń le, torí ìdájọ́ tí DM bá ṣe lónìí, wọ́n á tún rántí ẹ̀ fún un lóṣù mẹ́ta sí i.

Dungeons & Dragons, D&D tí gbogbo èèyàn mọ̀, ni àkọ́kọ́ irú géèmù yìí tó dé ọjà. Gary Gygax àti Dave Arneson ló ṣe é, ilé iṣẹ́ TSR ló sì gbé e jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974. Ìwé pẹlẹbẹ mẹ́ta ló kọ́kọ́ jẹ́, inú géèmù ogun tí wọ́n ń fi ère ọmọ ogun kéékèèké ṣe ló sì ti jáde wá, ohun tí òfin ẹ̀ ò sọ pọ̀ ju ohun tó sọ lọ, tábìlì kọ̀ọ̀kan wá ń dí àlàfo yẹn bó ṣe yé wọn. Nígbà tó fi máa di 1979, ìwé ìròyìn Dragon ti ya abala kan sọ́tọ̀ tí wọ́n pè ní Sage Advice, iṣẹ́ ẹ̀ kò ju kó máa dáhùn ìbéèrè òfin táwọn èèyàn ń kọ ránṣẹ́. Wizards of the Coast ra TSR lọ́dún 1997, wọ́n gbé ẹ̀dà kẹta jáde ní 2000, ẹ̀kẹrin ní 2008, ẹ̀karùn-ún ní 2014, wọ́n sì tún ẹ̀karùn-ún yẹn ṣe ní 2024.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dà yìí ló ń dá ìjà tó pọ̀ jù sílẹ̀, tàwọn èèyàn ò sì ní mọ̀ pé òun ni. Ní ìlú bí Ìbàdàn, ìwé gidi wọ́n tí èèyàn bá fi dọ́là ṣírò ẹ̀, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ti ń kà á, ẹnì kan lè ní ti 2014, ẹni tó jókòó tì í ní ti 2024, àwọn méjèèjì á máa fi ìdánilójú ka ohun tó wà níwájú wọn, òótọ́ ni kálukú wọn sì ń sọ. Ẹ wo ọ̀rọ̀ kéèyàn di ẹnì kejì mú: nínú ìwé 2014, ẹni tó fẹ́ dì í mú á ju dáìsì, ẹni tí wọ́n fẹ́ dì mú náà á ju, ẹni tó bá ga jù ló borí. Nínú ti 2024, ẹni tí wọ́n fẹ́ dì mú nìkan ló máa ju láti fi gba ara ẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà kí kàmpéènì tó bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kí gbogbo wọn fẹnu kò lórí ẹ̀dà kan. Ẹni tí ò lówó ìwé náà ò wà lẹ́yìn, torí ní January 2023, Wizards of the Coast gbé SRD 5.1, ìyẹn òfin ìpìlẹ̀ ẹ̀dà karùn-ún, sábẹ́ ìwé àṣẹ Creative Commons, ẹnikẹ́ni lè wà á jáde lọ́fẹ̀ẹ́, kó lò ó, kó sì pín in, láìjí ohunkóhun.

Bí òfin D&D ṣe ń ṣiṣẹ́ ò le: èèyàn á ju dáìsì olójú ogún, á fi agbára ẹ̀dá ìtàn ẹ̀ kún un, tí àpapọ̀ ẹ̀ bá tó iye tí DM ní lọ́kàn, ó ti ṣeé ṣe. Ibi tí ìbéèrè ti ń wá ni ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. 20 tó jáde gan-an lójú dáìsì, fún àpẹẹrẹ, ọ̀pọ̀ gbà pé ohunkóhun téèyàn bá fẹ́ ti ṣeé ṣe nìyẹn, ṣùgbọ́n nínú ìwé, ìgbà téèyàn bá ń kọlu ọ̀tá ni 20 máa ń wọlé láìwo nǹkan míì, tí dáìsì ìpalára á sì di ìlọ́po méjì. Ẹni tó ń rọ ọba pé kó gbé adé ẹ̀ fún òun lè ju 20, ọba ṣì lè rẹ́rìn-ín kó ní kó máa lọ. Advantage náà wà níbẹ̀, ìyẹn ni kéèyàn ju dáìsì méjì kó mú èyí tó ga. Tó bá jẹ́ pé 11 sókè lèèyàn nílò, dáìsì kan á fún un ní ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún, Advantage á gbé e dé 75, Disadvantage tó jẹ́ òdì kejì ẹ̀ á já a wálẹ̀ sí 25. Èèyàn lè ní ìdí mẹ́ta fún Advantage, dáìsì méjì náà ló máa ju, kò sí ẹ̀kẹta, tí Disadvantage kan ṣoṣo bá sì wọ̀ ọ́, wọ́n ti pa ara wọn rẹ́ nìyẹn, àwọn plẹ́yà kì í fẹ́ gbọ́ èyí rárá.

Ohun míì tó máa ń bọ́ sórí tábìlì lemọ́lemọ́ ni Concentration. Ọfọ̀ kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó pè é gbọ́dọ̀ mú ọkàn dúró lórí ẹ̀, kò lè di méjì irú ẹ̀ mú lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n bá sì pa á lára, ó gbọ́dọ̀ ju dáìsì kó tó 10 tàbí ìlàjì ìpalára yẹn, èyí tó bá ga jù. Ìpalára 8, 10 ló máa wá. Ìpalára 30, 15. Àwọn DM tuntun máa ń gbàgbé láti bèèrè ẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí àwọn olóògùn lágbára ju bó ṣe yẹ lọ, kí àwọn jagunjagun wá máa rò pé àwọn ò wúlò.

Ọ̀nà tí ìwé fi ń yanjú òfin méjì tó kọlu ara wọn ni pé èyí tó sọ̀rọ̀ nípa nǹkan kan pàtó ló máa borí èyí tó ń sọ̀rọ̀ gbogbogbòò. Ìyẹn nìkan ń parí bí ìdajì àríyànjiyàn, téèyàn bá fi sùúrù ka gbólóhùn náà dé òpin.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n náà ń da èèyàn láàmú. Ẹsẹ̀ bàtà ni D&D ń lò, àwa tá a fi mítà kọ́ ẹ̀kọ́ nílé ìwé kì í tètè fojú inú rí i, ṣùgbọ́n ní Ìbàdàn ẹsẹ̀ bàtà ṣì ni wọ́n fi ń ta ilẹ̀. Ọfọ̀ Fireball máa ń gba 20 ẹsẹ̀ bàtà láti àárín ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ìyẹn 40 láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, lórí plọ́ọ̀tì 50 by 100, ẹsẹ̀ bàtà 10 péré ló máa kù nínú fífẹ̀ ilẹ̀ yẹn tí iná ò ní dé. Ẹni tó bá ti rí i báyìí ò ní bi DM mọ́ pé kí ló dé tí iná òun fi kan ọ̀rẹ́ òun.

Ìgbà míì òfin á hàn kedere, èsì ẹ̀ ni ò ní bọ́gbọ́n mu. Ìwé sọ pé ẹni tó bá já bọ́ á gba dáìsì olójú mẹ́fà kan fún ẹsẹ̀ bàtà 10 kọ̀ọ̀kan, kò sì gbọ́dọ̀ ju dáìsì 20 lọ. Cocoa House ní Dùgbẹ̀ ga tó mítà 105, ìyẹn lé ní ẹsẹ̀ bàtà 340, síbẹ̀ dáìsì 20 náà ni, tó sábà máa ń jẹ́ bí 70, tí kò sì lè kọjá 120. Jagunjagun ìpele 15 tí Constitution ẹ̀, ìyẹn okun ara, jẹ́ +3 máa ní ẹ̀mí 139, ìyẹn iye ìpalára tó lè gbà kó tó ṣubú, tó bá lo iye tí ìwé yàn fún ìpele kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ó lè bẹ́ látorí òrùlé Cocoa House kó dìde kó gbọn eruku nù kó máa rìn lọ. Àwọn tábìlì kan fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, torí akọni bíi ti ìtàn ọdẹ ni wọ́n ń ṣe. Àwọn míì ò lè gbà. DM lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé ẹni tó bá já látibẹ̀ yẹn kú, òfin àkọ́kọ́ pé DM ló ni ìdájọ́ ti fún un láṣẹ, àmọ́ kí plẹ́yà tó bẹ́ ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Téèyàn bá dúró dìgbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ti kúrò lórí òrùlé kó tó yí òfin padà, ìrẹ́jẹ nìyẹn, kò sí orúkọ míì fún un.

Òfin tí tábìlì kan bá ṣe fúnra wọn, òfin ilé ni. Ẹni tó bá ti ta Whot ní àdúgbò méjì mọ̀ ọ́n dáadáa: níbì kan wọ́n lè fi pick two gbèjà pick two, níbòmíì o máa gbé káàdì ẹ ni. Òfin ilé ò burú, ohun tó burú ni èyí tẹ́nì kan ṣoṣo mọ̀.

Lórí ìjókòó gan-an, ohun tó ń ṣiṣẹ́ jù ni kí DM má wá ìwé ju ìṣẹ́jú kan méjì lọ. Kó gbọ́ ẹnu plẹ́yà, kó dájọ́, kí eré máa lọ, kẹ́nì kan kọ ìdájọ́ náà sílẹ̀, bóyá sínú ìwé kékeré tàbí sórí WhatsApp gúrúùpù wọn, tí wọ́n bá ṣe tán wọ́n á wo ohun tí ìwé sọ, wọ́n á sì kéde èyí tí wọ́n á máa lò látìgbà yẹn lọ. Kíkọ ọ́ sílẹ̀ ṣe pàtàkì ju mímọ gbogbo òfin sórí lọ, torí plẹ́yà lè fara da ìdájọ́ tí ò bá ìwé mu, ohun tí kò lè fara dà ni kí wọ́n fún ẹlòmíì ní ohun tí wọ́n fi du òun. Ó tún dáa kí òfin tí wọ́n ń lò jù wà lórí bébà, torí tí wọ́n bá mú iná lọ, tí bátìrì fóònù sì kú, PDF ti lọ nìyẹn.

Ọjọ́ orí náà wà níbẹ̀. DM lè jẹ́ ọmọ ọdún 21 tó ń kàwé ní Yunifásítì Ìbàdàn, kí plẹ́yà ẹ̀ kan jẹ́ ẹ̀gbọ́n tó ti ń ṣiṣẹ́, tó sì tún ka ìwé òfin jù ú lọ. Kò rọrùn láti sọ fún ẹ̀gbọ́n pé rárá. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í jiyàn pẹ̀lú ẹ̀, wọ́n á ní "ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lò ó báyìí lónìí, a jọ máa wo ìwé tá a bá parí", ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, ìdájọ́ náà ò sì yẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó mọ òfin bẹ́ẹ̀ tiẹ̀ lè di ẹni tí wọ́n ń bi léèrè, tó bá gbà pé òun á máa dáhùn kìkì ìgbà tí DM bá bi òun.

Kì í ṣe gbogbo géèmù ló ń bí irú ìbéèrè kan náà. Nínú Call of Cthulhu tí Chaosium gbé jáde lọ́dún 1981, iye tí kò ju ìmọ̀ ẹ̀ lórí ọgọ́rùn-ún lọ lèèyàn gbọ́dọ̀ ju, ẹni tó ti mọ́ lára pé iye gíga ló dáa á kọ́kọ́ ṣì í. Apocalypse World ti Vincent Baker, 2010, dáìsì olójú mẹ́fà méjì ló ń lò: 10 sókè dáa, 7 sí 9 á ṣeé ṣe ṣùgbọ́n ó máa ná èèyàn ní nǹkan, 6 sílẹ̀ á fa wàhálà. Níbẹ̀, ohun tí wọ́n ń bi ara wọn ni kí ni nǹkan tó máa ná an yẹn, DM àti plẹ́yà sì lè jọ sọ ọ́.

Tí wọ́n bá wá rí i lẹ́yìn ìjókòó pé ìdájọ́ kan ò tọ̀nà, ọ̀pọ̀ tábìlì kì í dá ìtàn padà, wọ́n á kàn tún un ṣe fún ọjọ́ iwájú. Ìgbà tí ẹ̀dá ìtàn kan bá ti tìtorí ẹ̀ kú ni wọ́n sábà máa ń yà kúrò nínú èyí, DM á bi plẹ́yà náà bóyá ó fẹ́ kí ẹ̀dá ìtàn ẹ̀ padà wá tàbí kó ṣe tuntun.