Kúláǹtì tó ń jò àti afẹ́fẹ́ tó há sínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀

Kúláǹtì ni omi tí wọ́n pò mọ́ ethylene glycol àti èròjà tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà. Ó ń yípo láàárín ẹ́ńjìnnì àti rédíétọ̀ kí ooru lè kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá ń jò, afẹ́fẹ́ kì í pẹ́ wọlé: ojú ibi tí omi gbà jáde nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná ni afẹ́fẹ́ sábà máa ń gbà wọlé nígbà tó bá ń tutù. Nítorí náà, ẹni tó bá lé afẹ́fẹ́ jáde láì tíì dí ojú jíjò yóò tún un ṣe láìpẹ́.

Ìdérí rédíétọ̀

Ìdérí yìí ló ń dá prẹ́ṣọ̀, ìyẹn agbára tí omi fi ń ti ara ibi tó wà, dúró nínú ẹ̀rọ náà, tó sábà máa ń tó 0.9 sí 1.1 bar. Kúláǹtì tí omi jẹ́ ìdajì rẹ̀ máa ń hó ní nǹkan bí 106°C bí a bá ṣí i sílẹ̀. Lábẹ́ prẹ́ṣọ̀ ìdérí, ó lè kọjá 120°C kó tó hó. Bí rọ́bà ìdérí bá ti gbó, kúláǹtì lè máa bá ooru lọ díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹ̀kán kan nílẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n yẹ ìdérí wò kí wọ́n tó dá rédíétọ̀ lẹ́bi.

Wíwá ojú jíjò

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, wọ́n á so pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ tó ní gééjì mọ́ ẹnu rédíétọ̀, wọ́n á fún un dé iye tí wọ́n kọ sára ìdérí, kò gbọdọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Bí ọwọ́ gééjì bá ń lọ sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ń jò níbì kan. Ibi tí kúláǹtì ti gbẹ máa ń ní àbàwọ́n funfun tàbí aláwọ̀. Pọ́ǹpù omi ní ihò kékeré kan nísàlẹ̀. Bí omi bá ń kán níbẹ̀, síìlì tó ń dènà jíjò nínú rẹ̀ ti bàjẹ́, pípààrọ̀ ló kù. Kápẹ́ẹ̀tì tó tutù lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú òórùn dídùn ń tọ́ka sí i pé hítà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú inú ọkọ̀ gbóná, ló ń jò. Bí prẹ́ṣọ̀ bá ń lọ sílẹ̀ tí ẹ̀kán kò sì hàn níta, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó ń dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, ni kí wọ́n fura sí, pàápàá bí èéfín funfun bá ń jáde tàbí tí ọ́ìlì dà bíi mílíìkì.

Họ́ọ̀sì tó sán àti kílíìpù tó dẹ̀ rọrùn láti pààrọ̀. Èròjà àdàsínú tó ń dí ihò lè ran ihò tíńtín lọ́wọ́, àmọ́ ó lè dí ojú ọ̀nà tóóró inú hítà pẹ̀lú.

Lílé afẹ́fẹ́ jáde

Àmì afẹ́fẹ́ ni kí hítà máa fẹ́ tútù nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí omi máa dún lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, àti kí ọwọ́ gééjì ooru máa lọ sókè sódò. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé bí sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru bá wà nínú afẹ́fẹ́ dípò omi, gééjì lè fi ooru tó kéré sí ti gidi hàn.

Afẹ́fẹ́ máa ń lọ sí ibi tó ga jù. Fún ìdí èyí, wọ́n máa ń gbé iwájú ọkọ̀ sókè kí ẹnu rédíétọ̀ lè ga ju ìyókù lọ, wọ́n á ki àrọ bọ̀ ọ́, wọ́n á yí hítà dé ibi tó gbóná jù. Bí bóòtù ìtúfẹ́fẹ́ bá wà, wọ́n á tú u títí omi yóò fi ṣàn jáde láìsí hóró afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀, kí wọ́n tó dè é. Lẹ́yìn náà, wọ́n á tan ẹ́ńjìnnì. Tẹ́mósítáàtì, ìyẹn ohun tó ń ṣí ọ̀nà fún kúláǹtì lọ sí rédíétọ̀ nígbà tó bá gbóná, sábà máa ń ṣí láàárín 82 sí 95°C. Nígbà náà ni họ́ọ̀sì òkè yóò gbóná, tí omi inú àrọ yóò sì wálẹ̀ lójijì. Ìgbà yẹn gan-an ni kí wọ́n máa bu kúláǹtì kún un, kí wọ́n fi ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ máa fún họ́ọ̀sì náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ wo iye omi lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Àwọn ọkọ̀ kan tí pọ́ǹpù wọn ń lo iná mànàmáná ní ìlànà tiwọn.

Bí hóró afẹ́fẹ́ kò bá dáwọ́ dúró, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gáàsì láti inú sìlíńdà, ìyẹn ibi tí epo ti ń jó nínú ẹ́ńjìnnì. Omi àyẹ̀wò aláwọ̀ búlúù tí mẹkáníìkì ń lò máa ń di yẹ́lò bí gáàsì náà bá kàn án.

Ààbò

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí ìdérí nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná, nítorí omi náà á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á sì ta síni lára. Ethylene glycol dùn lẹ́nu, ó sì ní májèlé fún ọmọdé àti ajá. Ó yẹ kí wọ́n nu èyí tó bá dà sílẹ̀ kíá.