Fọ́tò macro: ibi tí òdòdó inú ẹ̀kán omi wà gan-an

Ẹ ó ti rí irú fọ́tò yìí rí: ẹ̀kán omi kan rọ̀ sétí ewé koríko, òdòdó odindi sì hàn nínú rẹ̀, ó mọ́ kedere, àwọ̀ rẹ̀ kò ṣí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi fúnra rẹ̀ ló ya àwòrán òdòdó náà; iṣẹ́ kámẹ́rà ni láti sún mọ́ ọn dé ibi tí ojú lásán kò lè dé. Ìsúnmọ́ yẹn ni àwọn ayàwòrán ń pè ní macro.

Macro ní òṣùwọ̀n. Fọ́tò tí a yà láti ìtòsí kì í di macro ṣáá nítorí pé ohun inú rẹ̀ tóbi lójú fóònù. Inú kámẹ́rà ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn lẹ́ńsì, pátákó pẹlẹbẹ kan wà tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ lé lórí, sẹ́ńsọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Bí èèrà kan bá gùn ní mìlímítà 10, tí àwòrán rẹ̀ lórí sẹ́ńsọ̀ náà sì gùn ní mìlímítà 10 gẹ́lẹ́, macro nìyẹn. Ọ̀kan sí ọ̀kan ni wọ́n ń pè é, 1:1 ni wọ́n sì ń kọ sára lẹ́ńsì. Sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n ń pè ní full frame fẹ̀ ní mìlímítà 36, ó sì ga ní 24. Nítorí náà, ní 1:1, ohun tó fẹ̀ ní mìlímítà 36 gẹ́lẹ́ ni yóò gba fọ́tò yín láti etí kan dé èkejì. Ẹ má fi gbogbo ara gbà ohun tí àwọn onílẹ́ńsì bá kọ, torí ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì tí wọ́n kọ macro sí lára ni kì í kọjá ìdajì òṣùwọ̀n yìí. Nikon ní tirẹ̀ ń kọ Micro sára àwọn lẹ́ńsì macro rẹ̀, ohun kan náà ni. Ti fóònù tún yàtọ̀ pátápátá: sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kéré jọjọ, ohun tí macro sì túmọ̀ sí níbẹ̀ kò ju pé fóònù náà lè ríran kedere láti ibi tó sún mọ́ nǹkan gan-an.

Ẹni tí kò bá lówó lẹ́ńsì macro lè ra òrùka oníhò tí wọ́n ń fi sáàárín kámẹ́rà àti lẹ́ńsì. Kò sí gíláàsì kankan nínú rẹ̀. Bí a bá fi òrùka tí gbogbo gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 50 sẹ́yìn lẹ́ńsì tí wọ́n kọ 50mm sí lára, a ti dé 1:1.

Ó kan omi wàyí. Ìmọ́lẹ̀ ń yára nínú afẹ́fẹ́ ju inú omi lọ, ní nǹkan bí ìlọ́po 1.33. Bó bá gba ẹ̀gbẹ́ wọ omi, ọ̀nà rẹ̀ á yà díẹ̀. Òun ló fà á tí igi tí a tì bọ odò fi ń dà bíi pé ó ti kán. Ojú odò tẹ́jú, ṣùgbọ́n ara ẹ̀kán omi rí roboto. Ìmọ́lẹ̀ tó gba òkè ẹ̀kán náà wọlé á yà wá sísàlẹ̀, èyí tó gba ìsàlẹ̀ á yà sókè, wọ́n tún yà lẹ́ẹ̀kejì bí wọ́n ṣe ń jáde, wọ́n á wá pàdé lójú kan. Ohun tó bá ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ báyìí, lẹ́ńsì ni. Ní nǹkan bí ọdún 1674, ní ìlú Delft ní Netherlands, Antonie van Leeuwenhoek fi lẹ́ńsì gíláàsì tí kò tóbi ju ẹ̀kán omi lọ wo omi adágún, ó sì rí àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú ènìyàn kò tíì rí rí.

Níbo wá ni wọ́n ti ń pàdé? Ìbéèrè yìí gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà rọ̀ mọ́, ìdáhùn rẹ̀ kò sì ṣòro. Fún ẹ̀kán omi tó rí roboto dáadáa, ibi tí ìmọ́lẹ̀ láti òkèèrè ti ń pàdé jìnnà sí àárín ẹ̀kán náà ní ìwọ̀n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú bí ẹ̀kán náà ṣe fẹ̀ tó. Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀kán tó fẹ̀ ní mìlímítà 3. Àwòrán òdòdó tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò bọ́ sí nǹkan bíi mìlímítà 3 láti àárín rẹ̀, ní ìhà kámẹ́rà. Láti àárín sí ojú omi, mìlímítà kan àbọ̀ péré ni. Mìlímítà kan àbọ̀ tó ṣẹ́kù, ìta ló wà. Òdòdó inú omi kò sí nínú omi rárá: inú afẹ́fẹ́ ló wà, láàárín omi àti lẹ́ńsì yín.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fọ́tò ti ń bàjẹ́. Ayàwòrán á fún kámẹ́rà ní fókọ́ọ̀sì, ìyẹn ibi tí yóò ti mú kedere jù, sí etí ẹ̀kán omi, torí etí yẹn ló hàn jù lójú, kámẹ́rà tó ń dá fókọ́ọ̀sì ṣe fúnra rẹ̀ náà á sì yan ibẹ̀. Etí omi á mú bí abẹ, òdòdó á wá ṣú bí ohun tí èéfín bò. Etí tí kámẹ́rà ń rí yẹn bá àárín ẹ̀kán náà dọ́gba, nítorí náà mìlímítà 3 ló wà láàárín òun àti àwòrán òdòdó. Kò jọ nǹkan lójú, àmọ́ ẹ wo òṣùwọ̀n yìí: ní 1:1, bí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ lẹ́ńsì bá wà ní f/8 (bí nọ́ńbà yìí bá ṣe tóbi tó ni ihò náà ṣe ń kéré tó), gbogbo ibi tí yóò mọ́ kedere láti iwájú dé ẹ̀yìn kò ju nǹkan bíi mìlímítà 1 lọ. Ní f/16, bíi 2. Kò sí èyí tó lè kó méjèèjì mọ́ra. Bí ẹ bá sì tún fún ihò náà kéré sí i, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú tóóró kọjá máa ń fọ́n ká, gbogbo fọ́tò á sì rọ̀ lápapọ̀. Nítorí náà, òdòdó ni kí ẹ mú, kí ẹ jẹ́ kí etí omi rọ̀ díẹ̀. Àwọn tó fẹ́ méjèèjì a máa ya ọ̀pọ̀ fọ́tò, wọ́n á máa sún fókọ́ọ̀sì síwájú díẹ̀díẹ̀, wọ́n á wá fi kọ̀ǹpútà da gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan. Iṣẹ́ sùúrù ni, bí atẹ́gùn bá sì mi ewé lẹ́ẹ̀kan péré, àtúnbẹ̀rẹ̀ ni.

Ìmọ́lẹ̀ náà tún máa ń dín kù. Ní 1:1, ìmọ́lẹ̀ tó ń dé sẹ́ńsọ̀ kò ju ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan lọ tí a bá fi wé ìgbà tí a ń ya ohun ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú ihò lẹ́ńsì kan náà.

Àwòrán tí omi yà máa ń dorí kodò, torí ìmọ́lẹ̀ òkè àti ti ìsàlẹ̀ ti gba ọ̀nà ara wọn kọjá. Àwọn kan máa ń dorí òdòdó gidi kodò lẹ́yìn ewé kó lè nàró nínú omi. Àwọn mìíràn á yí odindi fọ́tò po lẹ́yìn tí wọ́n bá yà á tán, wọ́n á sì gbàgbé pé omi kì í kán lọ sókè. Èmi fẹ́ràn kó dorí kodò bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó ń wò ó mọ̀ pé lẹ́ńsì lòun ń wò.

Bí òdòdó ṣe jìnnà sí omi ló ń pinnu bí yóò ṣe tóbi tó nínú rẹ̀. Òdòdó tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 4, tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 5 lẹ́yìn ẹ̀kán wa, yóò fẹ̀ tó bíi mìlímítà 2.5, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un. Ẹ gbé e lọ sí sẹ̀ǹtímítà 20, kò ní ju bíi 0.6 lọ, ògiri ẹ̀yìnkùlé yín náà á sì wọ inú fọ́tò.

Gbogbo ìṣirò yìí dá lórí pé ẹ̀kán náà rí roboto. Awọ ojú omi ló ń fà á jọ bẹ́ẹ̀, ìwúwo rẹ̀ sì ń tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Bí ẹ̀kán bá kéré sí mìlímítà 2, awọ náà ló ń borí. Bó bá tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwúwo bẹ̀rẹ̀ sí í jàre. Ewé tó gbé e náà lọ́wọ́ sí i. Ewé kókò dára púpọ̀: àwọn kókó wẹ́wẹ́ tí ojú kò rí, tí ọ̀rá bíi ìda sì bò, ni kì í jẹ́ kí omi lẹ̀ mọ́ ọn, ló fi ń yí gbirigbiri lórí rẹ̀. Ní 1997, Wilhelm Barthlott àti Christoph Neinhuis ní Jámánì ṣàlàyé irú ìṣẹ̀dá yìí lára ewé lotus, òdòdó kan tó ń hù nínú omi, àti ọ̀pọ̀ ewé mìíràn. Lórí ewé tí omi ń tẹ́ lé, ẹ̀kán á fẹ̀ pẹrẹsẹ, àwòrán á sì sún jìnnà.

Ìrì òwúrọ̀ kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, àmọ́ tí oòrùn bá ti yọ, ó parí. Lásìkò ọyẹ́, ẹ̀kán tí ẹ bá fi síríǹjì kán sórí ewé lè gbẹ kí ẹ tó rí fókọ́ọ̀sì mú. Gílísẹ́rìnì tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn ni ọ̀nà àbáyọ: ẹ po ó mọ́ omi ní ìdajì ìdajì. Kì í tètè gbẹ, ó sì ń yí ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ ju omi lásán lọ, nítorí náà àwòrán á tún sún mọ́ ojú ẹ̀kán díẹ̀ sí i.

Ó ku àmì funfun tó máa ń wà lára ẹ̀kán omi. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ lẹ́ńsì, iṣẹ́ dígí ni. Nínú ìmọ́lẹ̀ tó bá kan omi lójúkojú, nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ló ń ta padà láìwọlé. Ó kéré, àmọ́ fíláàṣì àti oòrùn lágbára débi pé ìdá 2 yẹn tó láti bo òdòdó mọ́lẹ̀. Ohun tó pani lẹ́rìn-ín ni pé dígí tó bá yọ gọngọ síta máa ń fi àwòrán sẹ́yìn ara rẹ̀, nítorí náà ẹ̀yìn ojú omi, nínú ẹ̀kán náà, ni àmì funfun yìí wà. Èyí tó jọ pé ó lẹ̀ mọ́ ojú omi ló wà nínú. Èyí tó jọ pé ó wà nínú ló wà níta.

Awò tí wọ́n ń dè mọ́ iwájú lẹ́ńsì láti pa dídán ojú omi kò lè ṣe nǹkan púpọ̀ níbí: ìmọ́lẹ̀ tó gba ẹ̀gbẹ́ ta padà ló ń mú, kò sì lágbára lórí èyí tó kan omi lójúkojú. Òdòdó ni kí ẹ tan iná sí, kí ẹ fi omi sábẹ́ òjìji. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lo fíláàṣì, ẹ gbé e kúrò lórí kámẹ́rà sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì ta aṣọ funfun fẹ́lẹ́ sí iwájú rẹ̀. Àmì náà á ṣì wà, àmọ́ á rọ̀, ẹ sì lè yí iná náà títí àmì yẹn á fi bọ́ sí etí ẹ̀kán, níbi tí òdòdó kò dé.