Ta Ló Ni Ohùn Tẹ́ Ẹ Fẹ́ Sáńpù Yẹn?

Ìbéèrè tí àwọn ọmọ tó ń ṣe bíìtì máa ń bi mí jù ní stúdíò ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, orin yìí ti pẹ́ gan-an, àwọn baba ńlá wa ló ń kọ ọ́, ẹni tó dá a sílẹ̀ ti kú tipẹ́tipẹ́, ṣé mi ò lè gé e sínú bíìtì mi, ìyẹn kí n fi ṣe sáńpù, láì tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni?" Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé orin yẹn lè jẹ́ ti gbogbo ayé lóòótọ́, àmọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ ti fẹ́ gé e yẹn, ẹnì kan ló ni ín, ohùn tó sì wà nínú ẹ̀, ọ̀fun èèyàn kan ló ti jáde. Orin ọ̀tọ̀, rẹ́kọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀, ọ̀fun ọ̀tọ̀. Kí n má baà fi òfin gbẹ yín lẹ́nu, ẹ jẹ́ ká fi àwo kan tó tà káàkiri ayé ṣàlàyé ẹ̀, torí gbogbo wàhálà yìí ló wà nínú ìtàn àwo náà.

MCMXC a.D. lorúkọ àwo yẹn, ọdún 1990 ni wọ́n fi nọ́ńbà àwọn ará Róòmù kọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣe é ni Michael Cretu, ọmọ ilẹ̀ Romania tó lọ fìdí kalẹ̀ sí Jámánì, kó tó lọ ṣí stúdíò sí erékùṣù Ibiza ní Sípéènì. Kò lo orúkọ ara ẹ̀ láti tà á o, Enigma ló pe ẹgbẹ́ náà, kò fẹ́ káwọn èèyàn mọ ẹni tó wà nídìí ẹ̀ rárá. December 1990 ni àwo náà jáde. Orin tí wọ́n kọ́kọ́ gbé síta nínú ẹ̀, Sadeness, gba ipò kìíní ní Jámánì, ó gbà á ní ìlú Ọba náà ní January 1991, ó dé ipò karùn-ún ní Amẹ́ríkà. Àwo fúnra ẹ̀ wà lórí Billboard 200, ìyẹn àtẹ àwọn àwo tó ń tà jù ní Amẹ́ríkà, fún ọ̀sẹ̀ 282, èyí tó ju ọdún 5 lọ, ó sì gba pilatínọ́ọ̀mù 4 ní Amẹ́ríkà nìkan, ìyẹn ni pé mílíọ̀nù 4 ni wọ́n fọwọ́ sí níbẹ̀. Abala orin tí wọ́n ń pè ní new age ni àwọn tó ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù máa ń tò ó sí, irú orin táwọn èèyàn fi ń sinmi, tí wọ́n fi ń ṣàṣàrò, tó máa ń dún jẹ́jẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ra fún èèyàn. Irú orin bẹ́ẹ̀ kì í sábà wọ kílọ́ọ̀bù. Èyí wọ kílọ́ọ̀bù, ó wọ pálọ̀, ó wọ rédíò mọ́tò.

Kí ló wà nínú ẹ̀ gan-an? Ẹ máa gbọ́ ohùn àwọn ọkùnrin tó ń kọrin ìjọ Àgùdà ní èdè Látìn, "Procedamus in pace", ẹ jẹ́ ká máa lọ ní àlàáfíà, orin ìwọ́de Sọ́ńdè Ọ̀pẹ ni. Lábẹ́ ẹ̀, ìlù tó ń rìn jẹ́jẹ́, irú èyí tí ẹgbẹ́ olórin Soul II Soul sọ di gbajúmọ̀ ní London lọ́dún 1989. Sandra, tó jẹ́ ìyàwó Cretu nígbà yẹn, wá ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lédè Faransé lórí ẹ̀, fèrè kan ń fẹ́ láàárín. Nígbà tí àwo náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, obìnrin kan á kí yín káalẹ́, á ní kẹ́ ẹ pa iná, kẹ́ ẹ mí kanlẹ̀, kẹ́ ẹ fara balẹ̀. Òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Virgin ló ni ohùn yẹn, Louisa Stanley lorúkọ ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbi orin Àgùdà yẹn, torí iṣẹ́ wa gan-an ló wà níbẹ̀. Kí ló dé tí orin àwọn mọ́ńkì, àwọn ọkùnrin Àgùdà tó ń gbé ilé àdúrà, fi dùn ún gé tó bẹ́ẹ̀? Àkọ́kọ́ ni pé ohùn kan náà ni gbogbo wọn ń kọ. Kò dà bíi kíwáyà ṣọ́ọ̀ṣì tiwa tí tenor ń gba ibì kan lọ, tí bass ń gba ibòmíì. Tẹ́ ẹ bá gé kíwáyà tó pín sí mẹ́rin, ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti mú kọ́ọ̀dù tiẹ̀ dání wá, ẹ ò lè gbé e sórí kọ́ọ̀dù míì kó má ja yín níyàn. Àmọ́ tó bá jẹ́ ohùn kan ṣoṣo, prodúsà ló máa pinnu bóyá orin náà máa banú jẹ́ àbí ó máa dùn, kọ́ọ̀dù tó bá tẹ̀ sábẹ́ ẹ̀ ló máa sọ ọ́. Èkejì, orin náà ò ní ìlù, ọ̀rọ̀ ló ń gbé e rìn, bí ẹni tó ń sun rárà ni, á fa ibi tó wù ú, á sáré gba ibi tó wù ú kọjá, ibi tí èémí bá tán sí ló máa dúró. Nítorí náà kò sí bíìtì àtijọ́ kankan nínú ẹ̀ tó máa bá bíìtì tuntun jà, ẹ kàn máa wá ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé e lé orí kíkì, ìyẹn ìlù ńlá tó ń dún gbì nínú bíìtì, ó ti jókòó nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ló ṣòro. Gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì ti wọnú rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn, kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè yọ ọ́ kúrò. Tẹ́ ẹ bá gé gbólóhùn kan kí gbohùngbohùn ẹ̀ tó tán, etí á mọ̀ pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé nǹkan níbẹ̀, kódà etí ẹni tí ò mọ nǹkan kan nípa stúdíò. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa ń gbọ́ kíbọ́ọ̀dù tó ń fà gbọọrọ lábẹ́ irú orin báyìí, ó dùn lóòótọ́, àmọ́ ó tún ń bo ojú àpá mọ́lẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé sáńpù nígbà yẹn o. Akai S1000 tó jáde ní 1988, tí àwọn stúdíò ńlá ń fi yangàn, mẹ́gábáìtì 2 ló máa ń bá a wá láti iléeṣẹ́ kẹ́ ẹ tó fi kún un. Tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀, ohùn sítẹ́rió tó wọnú ẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú àáyá 12 lọ, tó bá jẹ́ mónò, bíi 24. Fọ́tò kan ṣoṣo lórí fóònù yín lónìí lè tóbi ju gbogbo ìyẹn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi sáńpù ṣe odindi àwo nígbà yẹn gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń wá, gbólóhùn wo ló ṣe kókó, ibo ni èémí ti wọlé. Mo fẹ́ràn ìkóra-ẹni-níjàánu yẹn gan-an, mo máa ń wò ó pé ó wà lára ohun tó jẹ́ kí àwo náà má gbó létí títí dòní. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kí ohùn bá kọ́ọ̀dù yín mu, ẹ̀rọ á gbé e sókè tàbí kó fà á wálẹ̀, tó bá lọ sókè á tín-ín-rín, tó bá wálẹ̀ á ki, ẹni tó kọrin náà á di ẹlòmíì. Ẹ rántí ìyẹn, a ń bọ̀ wá lò ó.

Ibo ni ohùn àwọn ọkùnrin yẹn ti wá? Ẹgbẹ́ akọrin kan ní Munich ni, Capella Antiqua, Konrad Ruhland ló ń darí wọn, inú àwo wọn tó ń jẹ́ Paschale Mysterium ti ọdún 1976 ni wọ́n ti gé e. Orin yẹn ti wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, kò sí mọ́ńkì kankan tó máa jí dìde wá gbowó ẹ̀. Àmọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù náà ò tíì ju ọdún 14 lọ nígbà tí Enigma jáde, iléeṣẹ́ tó ni ín ṣì ń ṣiṣẹ́, àwọn tó kọ ọ́ ṣì ń mí. Cretu àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ò sì tọrọ. Ọ̀rọ̀ náà di ti lọ́yà, apá méjì sì ni ẹ̀sùn náà ní: pé wọ́n lo rẹ́kọ́ọ̀dù láì gbàṣẹ, àti pé wọ́n yí ohùn àwọn akọrin náà padà, èyí tó tẹ ẹ̀tọ́ tí èèyàn ní lórí ara ẹ̀ lójú. Wọ́n sanwó nígbẹ̀yìn.

Èmi ò fojú kékeré wo ẹ̀sùn kejì yẹn o. Àwọn èèyàn wọ̀nyí kọrin Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, wọ́n wá bá ohùn ara wọn nínú orin kan tó ń bi Marquis de Sade léèrè ohun tó ń wá, ìyẹn ọ̀tọ̀kùlú ilẹ̀ Faransé tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìṣekúṣe àti ìwà ìkà. Ẹ lè san owó rẹ́kọ́ọ̀dù títí, owó yẹn ò dáhùn ìbéèrè bóyá ẹni tó ń gbàdúrà fara mọ́ ibi tí wọ́n gbé àdúrà ẹ̀ lọ.

Ẹlòmíì á ní ká ṣáà ti gba ìwé àṣẹ, ó parí. Kò tíì parí. Orin Enigma tó tún lókìkí lẹ́yìn ìyẹn, Return to Innocence, wá láti inú àwo kejì tó jáde ní 1993, wọ́n sì gbàṣẹ lórí tiẹ̀. Ohùn bàbá kan tó ń lé níbẹ̀rẹ̀ orin yẹn, Difang ni, wọ́n tún ń pè é ní Kuo Ying-nan, àgbẹ̀ ni, ará ẹ̀yà Amis ní Taitung ní Taiwan, òun àti ìyàwó ẹ̀ Igay ni wọ́n jọ kọ ọ́, orin tí àwọn àgbà wọn ń kọ níbi tí wọ́n bá ti ń mutí ni. Wọ́n pè wọ́n wá sí Yúróòpù lápá ìparí àwọn ọdún 1980, wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀ níbẹ̀, àjọ kan ní Paris, Maison des Cultures du Monde, sì gbé e jáde. Àjọ yẹn ni Cretu lọ sanwó fún. Ìwé wà, owó lọ síbi tí wọ́n ní kó lọ, àmọ́ kò sẹ́ni tó bi bàbá yẹn àti ìyàwó ẹ̀, orúkọ wọn ò sì sí lára orin náà. Nígbà tó di 1996, wọ́n fi orin yẹn polówó Òlíńpíìkì Atlanta. Ní 1998 ni bàbá náà àti ìyàwó ẹ̀ pe ẹjọ́, wọ́n parí ẹ̀ nítùnbí-ìnùbí ní 1999, àwọn tí wọ́n pè lẹ́jọ́ sanwó fún wọn, wọ́n sì gbà láti máa kọ orúkọ wọn sí i. Difang kú ní 2002, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà. Ìbànújẹ́ lọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ fún mi, torí ẹni tó gba ohùn sílẹ̀ ni wọ́n kà sí olóhùn, ẹni tó ni ọ̀fun wá dà bí igi inú igbó tí ẹnikẹ́ni lè gé.

Ẹ tún dákun, ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ pé tí ò bá ti pé ìṣẹ́jú àáyá 7, ọ̀fẹ́ ni. Kò sí òfin bẹ́ẹ̀. Ní Jámánì kan náà, ẹgbẹ́ olórin Kraftwerk gbé ẹjọ́ dé kọ́ọ̀tù tó ga jù ní Yúróòpù nítorí ìlù bíi ìṣẹ́jú àáyá 2 tí wọ́n gé nínú orin wọn ti 1977, kọ́ọ̀tù yẹn sì sọ ní 2019 pé bó ti wù kó kéré tó, àṣẹ ẹni tó ni rẹ́kọ́ọ̀dù pọn dandan, àyàfi tẹ́ ẹ bá ti yí i padà débi pé etí ò lè dá a mọ̀ mọ́.

Nílé ńkọ́? Òfin Copyright Act 2022, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní March 2023, dáàbò bo ẹni tó ni rẹ́kọ́ọ̀dù, ó dáàbò bo akọrin, ó tún ní apá tó sọ̀rọ̀ nípa orin ìbílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi orin ìbílẹ̀ ṣòwò kúrò níbi tí wọ́n ti máa ń kọ ọ́, àjọ NCC, ìyẹn Nigerian Copyright Commission, lẹ máa gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ dárúkọ ìlú tàbí àwùjọ tó ti wá.

Tó bá jẹ́ orin yẹn gan-an lẹ nífẹ̀ẹ́, tí kì í ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù, ohun tí mo máa ń gba àwọn oníbàárà mi nímọ̀ràn ni pé kí wọ́n pe akọrin wá tún un kọ. Frank Peterson, tó wà lára àwọn tó bá Cretu ṣiṣẹ́ lórí àwo 1990 yẹn, nígbà tó tún ẹgbẹ́ Gregorian tiẹ̀ ṣe lákọ̀tun ní 1998, àwọn akọrin tiẹ̀ ló ń kó wọ stúdíò. Wàhálà rẹ́kọ́ọ̀dù ẹni ẹlẹ́ni ti kúrò ńlẹ̀ nìyẹn, ẹ ó sì lè sọ fún wọn lójúkojú ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ohùn wọn ṣe. Ohun tẹ́ ẹ máa pàdánù ni gbohùngbohùn àtijọ́ yẹn, mo mọ̀ pé ó máa ń dunni, àmọ́ ẹ lè lọ gba ohùn wọn sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí àjà ẹ̀ ga.

Tẹ́ ẹ bá wá lọ gba ohùn ìyá àgbà kan tó ń ki oríkì sílẹ̀ ní abúlé, ẹ má kàn fún un lówó ọtí kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀ bó ṣe ń jẹ́ gan-an, ẹ kọ ìlú ẹ̀, ẹ kọ iye tó máa kàn án nígbàkígbà tí orin náà bá pawó, àti ẹni tẹ́ ẹ máa fún tí ò bá sí mọ́, kẹ́ ẹ kà á sí i létí ní Yorùbá níwájú ọmọ ẹ̀. Kẹ́ ẹ bi í léèrè ibi tí kò fẹ́ kí ohùn òun dé. Tó bá ní òun ò fẹ́ kí wọ́n fi polówó ọtí, tàbí kí wọ́n gbé e sábẹ́ orin ìṣekúṣe, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ kó tó tẹ̀ka.