Fíláàṣì ẹ ò lè dé sítéèjì, gèlè iwájú ẹ ló ń tanná sí

Tó o bá ti lọ New Afrika Shrine n'Ìkẹjà rí nígbà Felabration, lóṣù kẹwàá tí wọ́n bí Fela, wàá ti rí i: wọ́n á pa iná, fọ́ọ̀nù á gòkè, fíláàṣì á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ mànà láti ẹ̀yìn lọ́hùn-ún. Gbogbo wa la gbà pé ilẹ̀ ti ṣú, fíláàṣì ló máa gbà wá.

Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ o. Owó àjọ ni mo fi ra fíláàṣì mi àkọ́kọ́, mo gbé e lọ síbi ìkómọ kan tí wọ́n gbé onífújì wá, mo dúró lẹ́yìn, mo ń tẹ̀ ẹ́ ṣáá. Mo délé, gèlè màmá tó jókòó níwájú mi funfun báláú, onífújì ò ju òjìji lọ.

Ṣé o rí i, ńṣe ni iná máa ń fọ́nká bó ṣe ń lọ. Ẹni tó wà ní mítà 4, iná tó máa bà á kì í ṣe ìdajì tẹni tó wà ní mítà 2, ìdá kan nínú mẹ́rin ni! Mítà 20 wá ńkọ́? Ìdá kan nínú 100. Fíláàṣì fọ́ọ̀nù wa yìí gan-an ló wá burú jù.

Ohun tá ò tiẹ̀ rò ni pé sítéèjì ò ṣókùnkùn, àwa tá à ń wòran la wà nínú òkùnkùn. Ẹni tó to iná ibẹ̀ ti fi pupa àti búlúù sí i, tí fíláàṣì ẹ bá wá ráyè débẹ̀, á fọ gbogbo àwọ̀ yẹn nù, olórin á dà bí ẹni tó lọ ya pásípọ́ọ̀tù. Tí wọ́n bá tún fín èéfín, ojú ẹ niná ń padà sí.

Léǹsì ni kó o fowó ẹ rà. 18-55mm tó bá kámẹ́rà wá, tó o bá ti sún un dópin, ojú ẹ̀, ìyẹn ihò tí iná ń gbà wọlé, ò là ju f/5.6 lọ. 50mm f/1.8, tówó ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ga, ń gba iná tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 10 ìyẹn (nọ́ńbà tó kéré lojú tó là jù, ó máa ń rú èèyàn lójú).

Wọ́n á tún ní kó o má gbé ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń mọ iná lára tó, kọjá 800, torí fọ́tò á ní yanrìn, àwọn àmì wínníwínní yẹn. Á ní lóòótọ́. Gbé e dé 3200, dé 6400 pàápàá, kọ̀ǹpútà á bá ẹ dín yanrìn kù, ta ló sì ń rí i lórí WhatsApp? Àmọ́ ọwọ́ onígángan tó ti di èéfín torí pé o lo shutter 1/30 (ìdá kan nínú 30 ìṣẹ́jú àáyá ni kámẹ́rà fi lajú), kò sóhun tó máa tún un ṣe. Olórin tó dúró nídìí máíkì, 1/125 tó o, onílù, èmi kì í lọ sísàlẹ̀ 1/200. Kọ̀ǹgọ́ tún máa ń dúró díẹ̀ lókè kó tó já wálẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni kó o tẹ̀ ẹ́.

Fíláàṣì wúlò ṣá, pàápàá tí wọ́n bá ń náwó folórin tó o sì wà nítòsí. Ṣùgbọ́n má kọjú ẹ̀ sókè lábẹ́ kánópì tí wọ́n fi aṣọ píǹkì ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ojú gbogbo wọn ló máa di píǹkì.

Tó bá jẹ́ fọ́ọ̀nù lo ní, pa fíláàṣì ẹ̀, kó o bẹ màmá onígèlè kí wọ́n jẹ́ kó o kọjá síwájú.