Wọn Kì Í Ta Ìwé Ogúnléńdé

Bébà kan wà tí wọ́n ń gbé wá sí ọ́fíìsì wa l'Abẹ́òkúta léraléra. Àmì UNHCR, àjọ tó ń bójú tó ogúnléńdé lágbàáyé, wà lókè rẹ̀, orúkọ Kánádà wà nísàlẹ̀ bíi pé ibẹ̀ ló ń gbé èèyàn lọ, ẹni tó gbé e wá sì ti sanwó lé e lórí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má san kọ́bọ̀. UNHCR kì í gbowó ìforúkọsílẹ̀, kì í gbowó ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Nínú ètò tí wọ́n fi ń kó ogúnléńdé lọ máa gbé ní orílẹ̀-èdè mìíràn, òun fúnra rẹ̀ ló ń yan ẹni tí yóò dárúkọ fún orílẹ̀-èdè tó fẹ́ gbà á. Orílẹ̀-èdè yẹn ló sì ń sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ọmọ Nàìjíríà tó wà nílé kò sí nínú ètò yìí rárá. Lábẹ́ àdéhùn àgbáyé ọdún 1951 lórí ogúnléńdé, ẹni tó ti sá jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ nítorí inúnibíni là ń pè ní ogúnléńdé. Ẹni tí Boko Haram lé ní Borno tó wá forí pamọ́ sọ́dọ̀ wa ńbí, ìyà ń jẹ ẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ìjọba tiwa ló yẹ kó gbọ́ tirẹ̀. Ará Kamẹrúùnù tó sá wọ Cross River ni ètò yìí lè kàn, gẹ́gẹ́ bó ṣe lè kan àwọn ará Làìbéríà àti Sierra Leone tí wọ́n gbé ní kám̀pù Òrù-Ìjẹ̀bú nígbà kan.

Nínú wọn náà, àwọn díẹ̀ ló ń rí i. Lọ́dọọdún, kì í pé ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún ogúnléńdé ayé. Ẹni tí wọ́n dá lóró, aláìsàn tí kò rí ìtọ́jú, ọmọdé tàbí obìnrin tó wà nínú ewu, àwọn ni wọ́n máa ń wò. Amẹ́ríkà, tó ti ń gbà jù fún ọ̀pọ̀ ọdún, dá tirẹ̀ dúró lóṣù kìíní ọdún 2025.

Nítorí náà ni mo ṣe ń tẹnu mọ́ ọ̀nà ẹbí. Ní Jámánì, bí ẹni tí wọ́n fún ní ipò ogúnléńdé bá tètè bèèrè láàárín oṣù mẹ́ta pé kí ọkọ tàbí aya òun àti àwọn ọmọ òun tí kò tíì dàgbà wá bá òun, kò ní di dandan kó fi hàn pé owó tó ń wọlé fún òun tó wọn bọ́.

Ṣùgbọ́n ibi tí fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ bá ti bèèrè orúkọ ọmọ, ibẹ̀ ló máa ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù. Ìyá á kọ ọmọ méjì tó gbé dání, á fo àkọ́bí tó wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà, torí ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n á ní ẹbí rẹ̀ pọ̀ jù. Ní Kánádà, ọmọ tí ẹ kò dárúkọ níbẹ̀rẹ̀ lè má ṣeé mú wá mọ́ lábẹ́ òfin. Ẹ kọ gbogbo wọn, títí kan èyí tí ẹ kò mọ ibi tó wà, kí ẹ sì ṣàlàyé bó ṣe jẹ́ fún òṣìṣẹ́ tó ń forúkọ yín sílẹ̀.